Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Ṣètò Kíláàsì Tó Gba Ọmọ Tó Ní Ìpèníjà Mọ́ra

Ọmọ kan wà ní ọ̀pọ̀ kíláàsì wa tí olùkọ́ ti gbà pé alágídí ni. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n ní kó da ohun tó wà lójú pátákó kọ, ìwé ẹni tó jókòó tì í ló ń wò. Kí wọ́n tó gbé pàṣán, ó yẹ kí ẹnì kan bi í léèrè bóyá ó gbọ́, bóyá ó sì rí i. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lórí èyí: kíláàsì la máa tún ṣe, kì í ṣe ọmọ. Púpọ̀ nínú àtúnṣe náà kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ní Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, sọ pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ gbà wọ́n wọlé, kó sì ní òṣìṣẹ́ kan, ó kéré tán, tó kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀kọ́ wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ máa ń dé kí òṣìṣẹ́ tó dé. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ní kí ọmọ má ju 35 lọ lọ́wọ́ olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn olùkọ́ tí mo sì ń bá sọ̀rọ̀ níbí mọ bí tiwọn ṣe pọ̀ tó lórí bẹ́ǹṣì.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ náà dáadáa

Ẹ fún ara yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta níbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ rí síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ rò. "Ó ń ṣe bí dìndìnrìn" kì í ṣe ohun tí ẹ rí. "Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta láti ẹ̀yìn, kò yíjú, mo pè é níwájú, ó dáhùn lójú ẹsẹ̀": ohun tí ẹ rí nìyẹn, òun náà ni dókítà máa lè lò.

Ní ti etí, ẹ wo ọmọ tó máa ń wo ẹnu yín bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, tó máa ń wo ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe kó tó ṣe tirẹ̀, tàbí tí etí rẹ̀ ń ṣọyún lemọ́lemọ́. Nígbà tí àwọn yòókù bá jáde lọ ṣeré, ẹ dá a dúró díẹ̀. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níwọ̀n apá kan, kó má baà rí ẹnu yín, kó fi ìka di etí kan. Ẹ wá máa sọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kó máa tún un sọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa yàn ṣe pàtàkì, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ dáadáa ṣì lè gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, kó sì fi ìyẹn méfò. Bí ẹ bá sọ "bàtà," tí ẹ tún sọ "ilé," ohùn nìkan ti tó fún un láti fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ohùn wọn dọ́gba ni kí ẹ lò: ẹ̀wà, ẹ̀pà, ọ̀kà, àpò, àgbò, àdò. Bí ẹ bá sọ ẹ̀pà, tó ní ẹ̀wà, tí ẹ sọ àpò, tó ní àgbò, tí èyí sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó di etí kejì.

Èyí kì í ṣe àyẹ̀wò dókítà o. Ohun tó wà fún ni pé kí ẹ lè mọ ẹni tó yẹ kó lọ sílé ìwòsàn. Nígbà mìíràn ìdọ̀tí etí lásán ló dí i, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé sì lè yọ ọ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á darí wọn sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH Ìbàdàn. Títí wọ́n á fi lọ, ẹ bẹ òbí kí wọ́n má fi ìyẹ́ adìyẹ ro etí náà, kí wọ́n má sì da àdín sí i.

Ti ojú rọrùn díẹ̀. Ọmọ tó ń fún ojú pọ̀, tó ń gbé ìwé sún mọ́ imú, tí orí ń fọ́ lẹ́yìn ìwé kíkà, ẹ fura sí i. Ẹ kọ lẹ́tà E gàdàgbà sórí páálí, ẹ dúró ní mítà mẹ́fà sí i, kí ẹ máa yí i sókè, sílẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, kí ọmọ máa fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹnu lẹ́tà náà kọjú sí. Ẹ lo lẹ́tà kan náà fún gbogbo kíláàsì. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá rí i tí òun nìkan kò rí i, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa sọ fún òbí rẹ̀.

Èyí tó ṣòroó mọ̀ jù ni ọmọ tí ojú àti etí rẹ̀ pé, tó lè pa àlọ́ ìjàpá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó ń fún oníbàárà ní ṣéńjì ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀ láì ṣìnà, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ inú ìwé kàn ń dàrú mọ́ ọn lójú. Ó lè jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dyslexia. Olùkọ́ kò ní àṣẹ láti fún un lórúkọ yẹn, kò sì nílò rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́. Èyí tí kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín rárá ni "olódo."

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tún ìjókòó tò

Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó ga jókòó sẹ́yìn, ẹni tó kúrú jókòó síwájú, ó parí. Ẹ tú u ká.

Ọmọ tí kò gbọ́ dáadáa, iwájú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àárín gbùngbùn. Ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan níwájú, kí etí rẹ̀ tó sàn jù kọjú sí yín, kó sì lè yíjú wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ń dáhùn ìbéèrè. Kó jìnnà sí fèrèsé tí wọ́n ti ń lọ ata tàbí tí ọ̀kadà ń gbà kọjá. Ẹ̀yin náà, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn yín á sọ ojú yín di òkùnkùn, kò sì ní rí ètè yín.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àfín, nítorí awọ ara wọn ni gbogbo èèyàn ń wò, wọ́n gbàgbé ojú. Ojú àfín kì í sábà ríran jìnnà, ó máa ń jó fúnra rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń gún un. Dígí ojú ń ran púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́, kì í sì í tán ìṣòro náà pátápátá. Ẹ fi í síwájú, kí fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa dìde lọ sídìí pátákó láì tọrọ àyè, kó kà á, kó padà wá kọ ọ́. Bí iṣẹ́ náà bá gùn, ẹ fi bírò dúdú kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé fún un. Bí wọ́n bá ń tò lórí ìlà láàárọ̀, abẹ́ igi tàbí abẹ́ òrùlé ni kó dúró sí. Kó wọ aṣọ alápá gígùn àti fìlà etí fífẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì rán an lọ roko lọ́sàn-án gangan. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ (H.M.) kan lè sọ pé fìlà kò sí lára yunifọ́ọ̀mù. Ẹ bá a sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ààbò lọ́wọ́ jẹjẹrẹ awọ ara ni fìlà yẹn, pé kì í ṣe oge.

Pátákó tó ti funfun tí ẹfun kò sì hàn lórí rẹ̀ mọ́, gbogbo kíláàsì ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ kun ún dúdú níbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan.

Fún ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tàbí ọ̀pá, ohun àkọ́kọ́ ni kí kíláàsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bí kíláàsì kẹrin bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí kíláàsì mìíràn bá a ṣe pààrọ̀. Ọ̀rọ̀ ìpàdé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Bí àtẹ̀gùn kan bá wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ pe bíríkìlà, kó fi sìmẹ́ńtì ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síbẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni 1 sí 12: àtẹ̀gùn tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 nílò ọ̀nà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 180. Bó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ á máa sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ẹ ṣe ọ̀nà kan náà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí ọmọ tí kò bá lè débẹ̀ á máa yẹra fún omi mímu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yí bí ẹ ṣe ń kọ́ni padà

Ẹ má bá pátákó sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ tán, ẹ yíjú, kí ẹ tó sọ ọ́. Ohun gbogbo tí ẹ bá sì kọ, ẹ kà á sókè, nítorí "ẹ wo ibí yìí" kò sọ nǹkan kan fún ọmọ tí kò rí i.

Àṣà kan wà tó ń bo ọmọ tó ní ìpèníjà mọ́lẹ̀ ní kíláàsì wa ju ohunkóhun lọ: "Ṣé ó yé yín?" "Ó yé wa, sà!" Gbogbo ẹnu ló ń dún, títí kan ẹnu ọmọ tí kò gbọ́ ìbéèrè. Ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn sórí síléètì tàbí ìwé pélébé, kí gbogbo wọn gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó rí ẹni tí kò yé, kò sì ní sí ẹni tí ojú tì.

Ẹ wo bí a ṣe ń pàṣẹ: "Ẹ mú ìwé ìṣirò yín jáde, ẹ ṣí ojú ìwé 24, ẹ ṣe nọ́ńbà 1 dé 5, ẹ má fi bírò kọ ọ́ o." Mẹ́rin nìyẹn lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró síbì kan á gbọ́ ti àkọ́kọ́, yóò sọ ìyókù nù. Ẹ sọ ọ̀kan, ẹ dúró kó ṣe é, kí ẹ tó sọ èkejì.

Fún ọmọ tó ní autism, ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń gba nǹkan lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tó ń dẹ́rù bà á ni ohun tí kò retí. Ẹ ya ètò ọjọ́ náà sórí páálí: ìwé kíkà, ìṣirò, oúnjẹ, eré, ilé. Àwòrán ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ fi ohun tí wọ́n fi ń há aṣọ sórí okùn há a síbi tí ẹ dé, kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ máa sún un síwájú. Bí ètò bá fẹ́ yí padà, bíi pé àwọn ìnísípẹ́kítọ̀ ń bọ̀, ẹ sọ fún un láàárọ̀. Bí aago bá ń dún tó fi ń di etí, kó jókòó níbi tó jìnnà sí i. Ẹ tẹ́ ẹní sí igun kan níbi tó lè lọ sinmi bí ariwo bá pọ̀ fún un. Igun yẹn kò gbọ́dọ̀ di ibi ìjìyà láéláé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní lọ síbẹ̀ mọ́.

Ní ti ìwé kíkà, èdè wa ṣoore: bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ni wọ́n ń pè é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sílébù, ba, bẹ, bi, bo, lórí káàdì kékeré tí ọmọ lè fọwọ́ tò pọ̀ di ọ̀rọ̀. Kó fi ìka kọ ọ́ sínú iyanrìn, kó máa pè é bó ṣe ń kọ ọ́. Fún ohùn, ẹ fi ọwọ́ lu tábìlì ní dò, rè, mí. Nínú ìṣirò, ọmọ ayò àti ìdérí ìgò ṣe é kà ju nọ́ńbà ojú pátákó lọ.

Ẹ má bẹ̀rù láti fi Yorùbá ṣàlàyé. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ṣe é fún ọmọ tí kò ní ìpèníjà kankan, áńbọ̀sì ọmọ tó ń bá ẹ̀kọ́ jà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn ọmọ yòókù

Ọmọdé kì í fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín kó dá a dúró bí olùkọ́ bá ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀yin ni wọ́n ń wò. Ẹ sọ òfin mẹ́ta péré, kí ẹ sì dúró lé e: a kì í fi ara ẹnikẹ́ni ṣe orúkọ fún un, a kì í fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, ọ̀pá tàbí ẹ̀rọ etí ẹlòmíràn láì gba àṣẹ, a kì í dáhùn fún ẹni tí wọ́n pè.

Ẹ yan ẹni tó máa jókòó tì í, tó máa fi ìwé hàn án. Kí ó máa yí padà lọ́sẹ̀ méjì méjì, kó má baà di ẹrù lórí ọmọ kan. Kí ọmọ tó ní ìpèníjà náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe fún kíláàsì: kó máa pín ìwé, kó máa lu aago. Ọmọ tí gbogbo èèyàn ń ràn lọ́wọ́ tí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò tíì di ara kíláàsì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ múra sílẹ̀ de àìsàn òjijì

Bí wárápá bá gbé ọmọ ní kíláàsì, ohun tó wọ́pọ̀ ni kí gbogbo èèyàn sá jáde, nítorí ìgbàgbọ́ pé itọ́ rẹ̀ ń ran ni. Wárápá kì í ràn. Ẹ ti sọ ìyẹn fún kíláàsì kó tó ṣẹlẹ̀.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ sún bẹ́ǹṣì kúrò, ẹ fi súwẹ́tà sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì, eyín rẹ̀ ló máa kán. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu, pàápàá àgbo ìtọ̀ màlúù, èyí tó ti pa ọmọ rí. Bí ara rẹ̀ bá ń rọlẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, bí òmíràn bá tún gbé e kó tó jí, tàbí bó bá fi orí gbálẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó lè ti tọ̀ sára, nítorí náà kí ìyá rẹ̀ ti fi aṣọ kan pamọ́ sí ọ́fíìsì yín láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde nílò omi lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ àti àyè láti lọ tọ̀ nígbàkigbà, láì ṣe pé ó ń tọwọ́ sókè bẹ̀bẹ̀. Nígbà ọyẹ́, kó wọ súwẹ́tà. Kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ nínú oòrùn, kò gbọ́dọ̀ dúró nínú òjò. Bó bá ní egungun ń dun òun, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ pe ilé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: òbí

Ibí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á ránṣẹ́ pe ìyá, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi àléébù. Ìyá náà á gbọ́ ẹ̀sùn, á sì gbèjà ọmọ rẹ̀. Ta ni kò ní gbèjà? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọ ti ń ṣe dáadáa, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí òun náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà lè lọ báyìí:

"Ẹ káàsán mà, Ìyá Táyé. Ẹ kú ọjà o. Kò sẹ́ni tó ń yára ṣírò owó tó Táyé ní kíláàsì wa."

"Ẹ ṣeun, tíṣà. Ṣé kò jà?"

"Kò jà rárá mà. Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Bí ẹ bá pè é láti yàrá, ṣé ó máa ń dáhùn?"

"Hẹn-ẹn! Ó dìgbà tí mo bá lọgun. Bàbá rẹ̀ ní ó ń kọ etí ikún sí èèyàn ni."

"Ó lè jẹ́ etí lóòótọ́ mà. Mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Ẹ bá mi fi han nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ tí ọjà bá dá."

Bí wọ́n bá ní àwọn ń gbàdúrà sí i, ẹ má bá wọn jiyàn. Kí wọ́n máa gbàdúrà, kí wọ́n sì lọ sílé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n bá sọ fún yín nípa ọmọ wọn, kó má dé yàrá olùkọ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀pà.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwé ètò ọmọ, ìdánwò àti ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà

Ojú ìwé kan ti tó. Ohun tó lè ṣe, ohun tó ń dí i lọ́wọ́, ohun méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fẹ́ kó mọ̀ kí sáà tó parí, àti ohun tí ẹ̀yin máa ṣe. "Kó mọ ìwé kà" fẹ̀ jù. "Kó lè ka ọ̀rọ̀ onísílébù méjì ogún láì ṣe àṣìṣe" ṣe é wọ̀n. Ẹ padà sí i lóṣooṣù.

Nínú ìdánwò, ẹ fún un ní àfikún àkókò, tàbí kó fẹnu sọ ìdáhùn kí ẹ̀yin kọ ọ́. Ẹni tó bá ní ojúsàájú ni, ẹ sọ fún un pé JAMB pàápàá ti ń ṣètò ìdánwò lọ́tọ̀ fún àwọn afọ́jú láti 2017.

Bí ọmọ kò bá ríran rárá, ó nílò braille, ìwé tí afọ́jú ń fi ìka kà, kò sì sí ìjókòó iwájú tó lè rọ́pò ìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú Pacelli ní Sùúrùlérè, Èkó, ti ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti 1962. Ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan kan nílò èdè ọwọ́. Èrò mi ni pé bí a bá fi í sáàárín ọmọ 50 tó ń gbọ́ láìsí ẹni tó ń fi ọwọ́ túmọ̀ fún un, a ò gbà á mọ́ra, ìjókòó lásán la fún un. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun náà jẹ́ adití, dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì ti pọ̀ sí i káàkiri ìpínlẹ̀ wa. Fún olùkọ́ tó fẹ́ kọ́ èdè ọwọ́ tàbí braille, kọ́lẹ́jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkàndá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, tó wà ní Ọ̀yọ́, ni kó kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀.

Ní ìparí sáà kẹta, ìwé kékeré tí ẹ ti ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá yín lọlé. Ẹ jókòó pẹ̀lú olùkọ́ tó máa gba ọmọ náà lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ kà á papọ̀: etí wo ló sàn, oògùn wo ló ń lò, ta ni wọ́n máa pè, kí ló máa ń dẹ́rù bà á. Bó bá jẹ́ ọmọ tí ìyípadà ń dà láàmú, ẹ mú un lọ wo kíláàsì tuntun náà kí wọ́n tó gba họ́lídè, kó mọ ibi tó máa jókòó sí.